Ta Ló Ń Dúró De Ẹni Tó Jáde Ní Olókùtà?



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú, nítorí kì í ṣe ìjọba nìkan ni n ó bá wí, n ó bá ilé tiwa náà wí. Ó jẹ mọ́ àwọn tó ń jáde kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Olókùtà ní Àkúrẹ́ àti èyí tó wà ní ìlú Oǹdó, pàápàá àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá fínra, àti àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ ni ikú máa ń sún mọ́ irú wọn jù. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ni kò sì sí ẹni tó kà á sí iṣẹ́ rẹ̀: ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ó ti kúrò lọ́wọ́ òun, ilé-ìwòsàn ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Àwa tí a ní àwòkọ́ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a ti sọ ọ́ di ìtàn tí a fi ń dá ara wa lára yá.

Ta ni nínú wa ni kò mọ ìtàn ẹ̀wọ̀n Ọbàtálá? Baba gbéra láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá kìlọ̀ fún un pé ìrìn náà kò sunwọ̀n. Ó ní bó bá di dandan kó lọ, kó mú aṣọ àlà ìpààrọ̀ àti ọṣẹ dání. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó da epo sí i láṣọ. Kò pẹ́ tí wọ́n bá ẹṣin Ṣàngó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní olè, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Òjò kọ̀, irè oko kò ṣe, aboyún kò bí wẹ́rẹ́, títí Ṣàngó fi lọ dá Ifá, tó sì gbọ́ pé aláìṣẹ̀ kan ń jìyà nínú ìlú òun.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn ni a máa ń sáré kọjá. Nígbà tí wọ́n tú Baba sílẹ̀, wọn kò kàn ṣí ilẹ̀kùn kí wọ́n ní kó máa lọ. Wọ́n pọn omi tó mọ́, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ àlà, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì sìn ín títí dé ilé. Àwọn ọmọ wa tí òwò ẹrú kó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil kò gbàgbé. Títí di òní olónìí, àwọn ilé òrìṣà wọn ń ṣe ọdún omi Òrìṣàńlá. Wọn a tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́ láti lọ pọn omi náà wá, nínú aṣọ funfun. Wọ́n sọ ìtúsílẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n di ọdún. Àwa tí a jókòó sílé ńkọ́? Bí ọmọ àdúgbò wa bá ti Olókùtà dé lónìí, aago ni a ó kọ́kọ́ wá ibi fi pamọ́ sí.

Ọbàtálá yìí kan náà ni ẹmu pa ní ìgbà ìwáṣẹ̀, tó fi mọ àwọn ẹni òrìṣà. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀. Ẹ wo bí èèwọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́: kì í ṣe Baba nìkan ló ń pa á mọ́, gbogbo ilé ló ń bá a pa á mọ́. Ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ní ilé Ọbàtálá kì í dá nìkan dúró níwájú akèrègbè. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń náwó wá kiri lónìí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo sọ nípa ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọdún 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tó lé ní 30,000 tí wọ́n tú sílẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ewu ikú tó wà lórí wọn tó nǹkan bí ìlọ́po 13 ti àwọn ará ìpínlẹ̀ náà yòókù. Ní ti ikú àlòjù oògùn olóró, ó ju ìlọ́po 100 lọ. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tó ń gbé hóró tramadol púpọ̀ mì lójúmọ́ kí wọ́n tó mú un, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára. Bó bá pẹ́ nínú àhámọ́ láìrí i lò, ara ti gbàgbé. Lọ́jọ́ tó bá jáde, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ yóò gbé iye ti àná fún un. Iye ti àná ni yóò pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí oògùn olóró ní ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, àti pé ìhà Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa yìí ló ga jù, níbi tó ti lé ní ẹnìkan nínú márùn-ún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í sì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ igbó. Ọdọọdún ni àjọ NDLEA ń wọ inú aginjù lọ jó oko igbó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Gómìnà Rótìmí Akérédolú àti ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà rìnrìn àjò lọ sí Thailand láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbin igbó fún ìṣègùn. Wọ́n lè rìn dé Thailand nítorí ewé igbó. Kí ló dé tí ẹnìkan kò lè rìn láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó nítorí ẹni tí igbó bà jẹ́?

Kì í ṣe pé a kò ní ilé iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe é. Ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, wà ní ìlú Oǹdó láti ọdún 2015, ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú méjèèjì. NDLEA ní ọ́fíìsì ní Àkúrẹ́. Ìpínlẹ̀ ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Ohun tí kò sí ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Ẹ mú ọmọ Oǹdó kan tí wọ́n tì mọ́ Olókùtà, ẹ ní ó ń lo oògùn àrùn ọpọlọ, tàbí ti HIV, tàbí ti ikọ́ ife. Bíi ti ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó wà nínú àhámọ́ ní Nàìjíríà, wọn kò tíì dá a lẹ́bi, ẹjọ́ ló ń retí. Lọ́jọ́ kan ṣáá, adájọ́ ní kó máa lọ. Láti ilé ẹjọ́ ni yóò ti gba ojú ọ̀nà. Oògùn rẹ̀ wà ní Olókùtà, fáìlì rẹ̀ wà ní Olókùtà, òun alára ń wá owó ọkọ̀ sí Oǹdó. Nígbà tí yóò bá fi délé, kò sí ẹyọ hóró kan lápò rẹ̀, kò sí dókítà kan ní Oǹdó tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, wèrè ti padà dé, àwọn ará ilé yóò sì ní ọ̀tá ló ń ṣe é.

Ìwé òfin ti pọ̀. Òfin ọdún 2019 tó sọ Àjọ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n di Àjọ Ọgbà Àtúnṣe sọ̀rọ̀ nípa ìmúpadàbọ̀sípò. Òfin Mandela, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2015, ní kí wọ́n ṣètò ìtọ́jú inú ọgbà kó lè máa bá a lọ láìjá, títí kan ti HIV, ikọ́ ife àti oògùn olóró. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun láti rọ́pò òfin wèrè tí òyìnbó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò mọ ọ̀nà Oǹdó. Awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Èmi tí mo ń fi ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè jẹun, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni irin tí a fi ń de ènìyàn kó tó di orúkọ ilé. “Oní” àti “ẹ̀wọ̀n” ló di ẹlẹ́wọ̀n, ẹni tó ni ẹ̀wọ̀n. Kò sí àmì àsìkò nínú ọ̀rọ̀ náà tó lè sọ fún wa pé ẹ̀wọ̀n ti tán. Amugbó náà kò ní àsìkò. Ẹ má wá sáré di ẹ̀bi ru gírámà. “Oní” yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ aláìsàn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ní aláìsàn. Kí ló dé tí àìsàn ń tán lára ènìyàn lẹ́nu wa, tí ẹ̀wọ̀n kì í tán? Ọ̀rọ̀ tó sàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bárakú, nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ ènìyàn ló ń sọ, kì í sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́. Bárakú ṣeé tọ́jú.

Wàyí o, ilé tiwa. Láàrin ọdún 2018 sí 2019, Human Rights Watch bẹ ibi 28 wò ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọlọ́pọlọ dídàrú. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n irin. Ẹ má wulẹ̀ nàka sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn àáfà. Ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní Olókùtà ni a ó tún fi irin dè lẹ́sẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ awo? Ògún kò rọ irin fún ìyẹn.

Àwọn kan sì wà láàrin wa tó ń polówó àgbo tí yóò fa bárakú jáde lára ní ọjọ́ méje. Mo bi yín: ẹni tí ọtí ti mọ́ lára fún ogún ọdún, tí ẹ tì mọ́lé, tí ẹ gba ọtí lẹ́nu rẹ̀ lójijì, ṣé ẹ mọ̀ pé gìrì lè mú un, ó sì lè kú mọ́ yín lọ́wọ́? Ilé-ìwòsàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ kì í ṣe ewé eré. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n fún wèrè tipẹ́ kí àwọn òyìnbó tó yọ reserpine jáde lára ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1952. Ó ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá dà á mọ́ oògùn dókítà láìsọ fún dókítà, ìwà ìkà ni. Èwo tilẹ̀ ni ti paraga? Ewé àti egbò tiwa ni wọ́n rẹ sínú ògógóró ní ibùdókọ̀ gbogbo, a sì dákẹ́, nítorí pé orúkọ ewé wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2015, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fọ́jú tí wọ́n sì ń kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àwọn kan ní ìbínú òrìṣà ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol inú ògógóró ni. Ẹ̀sùn irọ́ ni wọ́n fi kan òrìṣà.

Àwọn ìyá máa ń jókòó síwájú ọpọ́n mi pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: “Baba, ta ló ń ṣe ọmọ mi?” Ifá lè yan ẹbọ fún ọmọ náà, ó lè yan èèwọ̀, ó sì lè ní kó pààrọ̀ ọ̀rẹ́. Èmi kò tíì rí odù tó ní kí á gba oògùn ilé-ìwòsàn lọ́wọ́ ọmọ.

Ọmọ Yorùbá kan ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́ ọgbà, ó fi wọ́n sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Olúkúlùkù mú ẹbí kan dání, wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n ń bá àwọn ará abúlé gbé, Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá láti bá a ṣiṣẹ́. Gbogbo àgbáyé wá wò ó. Òun náà di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ẹ kíyè sí i pé Lambo kò ní kí awo di dókítà, kò sì ní kí dókítà di awo. Ó fi ẹnìkan sí àárín tó mọ ẹni tí aláìsàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbọ́ àtakò. Wọ́n ní ṣé ẹni tí wọ́n jà lólè kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣàánú? Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jáde láìrí oògùn, láìrí ilé, tí bárakú ṣì wà lára rẹ̀, ilé ta ni ẹ rò pé yóò jà lẹ́yìn náà? Ìṣòro rẹ̀ kò dúró sí Olókùtà, ó bá a wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Kó tó dé, mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ wa ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó jọ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn alákòóso ọgbà méjèèjì, sí ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ àti sí UNIMED. Kí ẹni tó bá ń jáde mú oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé tó sọ oògùn tó ń lò àti ọjọ́ tí dókítà ìlú rẹ̀ ń retí rẹ̀. Kí wọ́n sì ti di ẹrù náà sílẹ̀ kó tó lọ sílé ẹjọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí adájọ́ yóò sọ̀rọ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fara mọ́ ọn, kí wọ́n pe ẹnìkan nínú wa, Ìṣẹ̀ṣe ni ó ń ṣe tàbí kì í ṣe é, kí ẹni náà lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kó bá a wọ ọkọ̀ dé Oǹdó, kó sì mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ní ti owó, aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá wà lára wa síbẹ̀, kò tíì gbó. Kí a fi owó ti ọdún yìí san owó ọkọ̀, kí a fi ra ọṣẹ, oúnjẹ àti aṣọ funfun.