A NÍ IGBÓ, A Ń RA ÀGA L'ÓKÈ ÒKUN: Ẹ BI ÌJỌBA LÉÈRÈ!

Àwọn baba wa ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣánwọ́. Ohun tí ìjọba ń fi wá ṣe gan-an nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ igi. Ilẹ̀ wa ni ìrókò ti ń hù, ibẹ̀ ni apá, ọ̀gànwó, arère àti àfàrà ti ń hù. Ẹ wá wo tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ìjọba. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ti òkè òkun wá. Kí ni wọ́n sì fi ṣe é? Lẹ́búlẹ́bú igi ni! Wọ́n pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ di pátákó, wọ́n kó o wá tà fún wa.

Àwa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dáná sun lẹ́búlẹ́bú igi ní Òkò Bàbà l'Ékòó, tí èéfín ń pa ará àdúgbò lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní sọ́mìlì káàkiri. A sun tiwa níná, a wá ń fowó ra ti ẹlòmíràn. Ṣé kò yẹ ká sunkún?

Ìjọba mọ ọ̀nà igbó o, àmọ́ owó ni wọ́n ń bá lọ. Wọ́n á lu òǹtẹ̀ sórí gẹdú, wọ́n á gba owó, ó parí. Pákó tútù ni káfíńtà ń rà. Bó bá fi kan ilẹ̀kùn, kí oṣù mẹ́ta tó pé, pákó á ti sún kì, á ti wọ́, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. Onílé á wá máa bú káfíńtà. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́! Níbo ni ilé tí wọ́n ti ń fi ooru mú pákó gbẹ wà ládùúgbò yín?

Lọ́dún 1976 ìjọba àpapọ̀ fòfin de títa odindi gẹdú sókè òkun. Wọ́n ní kí iṣẹ́ lè wà nílé ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ilẹ̀kùn kan, wọn ò ṣí èkejì. Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀pọ̀ igi tíìkì ni wọ́n kàn rẹ́ létí díẹ̀, tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà. Láàárín àwọn ọdún 1970 náà ni wọ́n pète ilé iṣẹ́ ìwé sí Ìwòpin, wọ́n sì gbin igi mẹláínà lọ súà sínú igbó ìjọba ní ìhà Ìjẹ̀bú nítorí rẹ̀. Igi dàgbà, ilé iṣẹ́ ò dàgbà. Ìwé tí ọmọ yín ń kọ nǹkan sí, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá títí dòní.

Ẹ wo ohun tí ìjọba ẹlòmíràn ṣe. Ní Kánádà, ìpínlẹ̀ British Columbia ṣòfin lọ́dún 2009 pé igi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò bí wọ́n bá fẹ́ fi owó ìjọba kọ́lé. Japan ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2010. Wọ́n ń to pákó gbígbẹ ní ìbú àti òòró, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì ń le bí nǹkan mìíràn. Lọ́dún 2017, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó ìjọba, wọ́n parí ilé alájà 18 fún akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan ní British Columbia. Igi ni òpó àti àjà rẹ̀ tó pọ̀ jù.

Ẹnìkan á ní, iná ńkọ́? Igi tó bá nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ di èédú, èédú náà á sì fa iná sẹ́yìn kó tó dé inú. Ikán ńkọ́? Oògùn rẹ̀ wà, ìpìlẹ̀ gíga sì wà. A ò ní ká wá kọ́ alájà 18 sí oko o. Yàrá ìkàwé tí òjò ò ní wọ̀, bẹ́ǹṣì tí ọmọ máa jókòó lé, ilé ìwòsàn abúlé: ibẹ̀ la ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè nìyí:

Kí ìjọba kọ́ ilé ìmú-pákó-gbẹ sí gbogbo ìlú tí sọ́mìlì pọ̀ sí.

Kí wọ́n yá ẹgbẹ́ káfíńtà àti ẹgbẹ́ onísọ́mìlì lówó, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tó ń sọ lẹ́búlẹ́bú àti àjákù pákó di ọjà.

Kí bẹ́ǹṣì ilé ìwé ìjọba ti ọwọ́ káfíńtà tiwa jáde.

Kí wọ́n fún ilé ìwádìí igbó tó wà n'Ìbàdàn lówó, kí ìmọ̀ tó wà níbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń di ayùn mú.

Kí owó òǹtẹ̀ gẹdú padà sínú igbó. Ẹni tó gé, kó gbìn. Àgbẹ̀ tó bá gbin igi sóko rẹ̀, kí igi náà jẹ́ tirẹ̀. Bí a bá ń gégi tí a ò gbìn, gbogbo àlàyé yìí asán ni.

Ẹ̀yin onígẹdú, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé, bí wọ́n bá tún gbé àpò ìrẹsì dé, ẹ bi wọ́n: "Ilé ìmú-pákó-gbẹ dà?" Bí wọn ò bá rí èsì fọ̀, káàdì ìdìbò yín wà lọ́wọ́ yín. Igi kan ò lè dágbó ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ jáde, ká jọ dìbò!