Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́ Nọ́ọ̀sì Wa ní Kọ̀ǹpútà

Ìjọba ń fẹ́ kí ìwé aláìsàn bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwa ò lòdì sí i. Lónìí, inú carnet ni ọ̀rọ̀ ara wa wà. Bí òjò bá pa á ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé aláboyún láti Kétu lọ sí Pobè, tó gbàgbé ẹ̀ sílé, dókítà ibẹ̀ ò ní mọ oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. DHIS2 tí ìjọba ń lò, iye aláìsàn lápapọ̀ ni wọ́n fi ń kà jù.

Ṣùgbọ́n ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Nọ́ọ̀sì tó ti ń fi bírò kọ̀wé láti ogún ọdún, ìka kan ni yóò máa fi wá lẹ́tà, èrò á sì tò dé ìta. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì ní òtẹ́ẹ̀lì Kùtọnu (owó ìrìnnà ńkọ́, a mọ̀ ọ́n dáadáa) ò tó. Ibi iṣẹ́ gan-an ni ká ti kọ́ wọn, kí ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ ọ́n dúró tì wọ́n fún oṣù díẹ̀. Ká má sì ní kí wọ́n kọ ohun kan náà sínú registre, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n á pa ẹ̀rọ tì ni.

Òfin code du numérique ti 2018 dáàbò bo àṣírí ìlera ẹni. Àmọ́ bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ń lo mot de passe kan ṣoṣo, ọjà á gbọ́.

Iná SBEE náà sì ń lọ. Ẹ̀yin olóyè, bí ẹ bá dé mairie, ẹ bi wọ́n: sólà dà, ta ni yóò sì tún ẹ̀rọ ṣe bó bá bàjẹ́?