Èèrà Ilé Ìkẹ́rù Wa: Ẹ Jẹ́ Kí A Fi Ẹ̀sọ̀ Pa Á

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ó di ohun tí a ó máa sọ lábẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ìwé yìí.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan láàárín wa dá a lábàá pé kí akápò yọ nínú owó ẹgbẹ́, kí a fi ra oògùn apakòkòrò onígò ńlá, kí a fín in yí ilé ìkẹ́rù wa ká, kí olúkúlùkù sì bu èyí tí ó bá ṣẹ́ kù lọ sí ìsọ̀ àti ilé rẹ̀. Èèrà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n wọ inú ṣúgà, wọ́n wọ inú ẹja gbígbẹ. Ìyá kan tú àpò edé rẹ̀, ó ní ṣe ni ó dà bí ẹni pé edé náà ń rìn. Ẹ̀rín pa wá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n owó ẹni kì í ṣe ohun tí à ń fi rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé àdánù ni. Síbẹ̀, a kò fara mọ́ àbá yẹn, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ sókè ní ìpàdé tí ń bọ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Èèrà tí ẹ rí lórí ṣúgà kọ́ ni gbogbo èèrà. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, abo sì ni gbogbo wọn. Ìyá wọn tí ń yé ẹyin wà nínú ihò, lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú ògiri, òun kì í ná ọjà. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ń jáde wá oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá ti rí kóró ṣúgà kan, yóò máa fi ìdí kan ilẹ̀ bí ó ti ń padà lọ sílé, yóò sì máa fi òórùn kan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, èyí tí imú àwa ènìyàn kò lè gbọ́. Òórùn yìí ni àwọn yòókù ń tọ̀ wá. Ẹni tí ó bá rí jẹ nínú wọn á tún fi tirẹ̀ kún un, títí ọ̀nà náà yóò fi di títì márosẹ̀. Ìgbà tí oúnjẹ bá tán ni wọn kì í fi òórùn kún un mọ́, ọ̀nà náà a sì parẹ́.

Ṣé ẹ wá rí i? Ẹni tí ó fi ìgbálẹ̀ pa igba èèrà láàárọ̀, tí kò fọ ojú ọ̀nà wọn, tí kò sì gbé ṣúgà kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ asán ni ó ṣe. Èyí tí ó tún burú jù ni èèrà kékeré aláwọ̀ oyin tí ó máa ń wọ inú àpótí búrẹ́dì. Ìyá púpọ̀ ni ó ń wà nínú ilé wọn. Bí ẹ bá fín oògùn líle sí wọn, àwọn tí ó yè á gbé ẹyin, wọ́n á mú ìyá kan, wọ́n á lọ dá ilé mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn pákó. Igun kan a di igun mẹ́rin. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti fi owó ara wa ra ẹ̀kọ́ yìí rí. Ìgò mẹ́ta ni a fín, èèrà sì wọ yàrá tí kò wọ̀ rí.

Owó tí ó ṣòfò kọ́ ni ó bà wá lẹ́rù jù. Oògùn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ọ̀tápíápíá, dichlorvos ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, kò sì pọn dandan kí a dà á lé ọjà lórí kí ó tó bá ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà kò ní gbàgbé oṣù kẹfà ọdún 2015, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì lọ dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: ìlọ́po 460 nìyẹn! Ní ọdún 2016 wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta kún òfin náà. Àwọn tí ó fín oògùn yẹn kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, kòkòrò ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò fín nǹkan kan pàápàá kò rí ẹ̀wà tirẹ̀ tà sọ́hùn-ún.

Ní ọdún 2019, NAFDAC náà fi òfin de títa dichlorvos nínú ìgò kékeré 100ml, nítorí ìlòkulò. Àwa wá ní kí a ra ti ńlá, kí a máa bù ú sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ọmọ ẹgbẹ́! Ilé ta ni kò sí ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́?

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ń júwe oògùn èèrà fún wa ni. Ẹ lọ ra borax, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò. Ẹ wọn omi ìdajì lítà, ẹ fi kóró ṣúgà onígun méjìlá sí i, kí ẹ wá fi ṣíbí ìpotíì kan borax sí i, kí ṣíbí náà má kún gegere. Ẹ rò ó títí yóò fi yòrò. Ẹ ti òwú bọ̀ ọ́, ẹ gbé e sínú ọmọrí agolo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wọn, kì í ṣe lórí ọjà. Lọ́jọ́ kìíní, wọn yóò wọ́ tì í débi pé ẹ ó rò pé a tàn yín jẹ ni. Ẹ má pa wọ́n o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé, nítorí ẹnu sí ẹnu ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Bí borax bá pọ̀ jù, ojú ọ̀nà ni wọn yóò kú sí. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé ẹja ni wọ́n ń jẹ, tí wọn kò wo ṣúgà, ẹ po borax díẹ̀ mọ́ ẹ̀pà lílọ̀. Májèlé ni borax náà, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ ọmọdé tó o, kí ẹran ilé má sì dé ìdí rẹ̀.

Ní ti tábìlì ọjà, ẹ gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi, bí àwọn ìyá wa ti ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú abọ́ omi. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi náà. Bí eruku bá bo omi lásán, èèrà a máa rìn kọjá lórí rẹ̀. Ọṣẹ ni ó ń jẹ́ kí wọ́n rì. Kí tábìlì má sì kan ògiri. Omi ọṣẹ kan náà ni kí ẹ fi nu ojú ọ̀nà wọn.

Ikán ní tirẹ̀ kì í ṣe èèrà rárá, ohun tí a kọ yìí kò kàn án. Ìjàlọ náà yàtọ̀. Bí wọ́n bá wọ ilé yín lóru, ẹ gbé ọmọ jáde, ẹ tú ewúrẹ́ tí a so, ẹ ṣí ilé adìẹ sílẹ̀, kí ẹ fún wọn láyè. Aáyán àti àkekèé ilé yín ni wọn yóò kó jẹ, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Nínú ọgbà, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó pa èèrà pupa tí ń fi ewé kọ́ ilé lórí igi mángòrò. Ó ń buni jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn onímọ̀ ti rí i pé igi tí wọ́n bá wà lórí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìdin nínú èso. Ti inú oko kòkó ni kò dára, àwọn èèrà dúdú tí ń ṣọ́ kòkòrò funfun nítorí omi dídùn tí ó ń jáde lára rẹ̀. Kòkòrò funfun yẹn ni ó ń gbé àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú kiri.

Àbá tiwa ni pé kí akápò fi owó yẹn ra ike onídèérí tí ó dí pinpin fún ṣúgà, edé àti ẹja. Kí a dán ọ̀nà tí a kọ yìí wò fún oṣù méjì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹni tí ó dá àbá oògùn tún gbé e dìde, a ó gbọ́ ọ. Tábìlì mẹ́fà ni ó wà nílé ìkẹ́rù, agolo mẹ́rìnlélógún ni a nílò. Ẹni tí ó bá ní agolo mílíìkì ńlá tí ó ṣófo nílé, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí ó fọ̀ ọ́ kí ó tó mú un wá o.