Ara Kì Í Ṣe Ẹrú Aṣọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá gbé aṣọ kan wọ̀ tí kò bá yín mu, aṣọ náà ni ó ní àbùkù, kì í ṣe ara yín. Àwọn tí ń ta aṣọ tí a ti rán sílẹ̀ kò fẹ́ gba èyí gbọ́. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí ẹni tí ó sanra lọ rù ná kí ó tó wá sí ìsọ̀ wọn.

Aránṣọ ilẹ̀ wa a kọ́kọ́ fi téèpù wọn èjìká, àyà àti ìbàdí, kí ó tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ. Ìró kò tilẹ̀ béèrè: ìbáà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ìbáà ṣe sígbọnlẹ̀, yóò yí ọ ká.

Òkè òkun ńkọ́? Láàrin ọdún 1939 sí 1940, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà wọn ara àwọn obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15,000, kí àwọn tí ń rán aṣọ tà lè ní òdiwọ̀n kan tí wọn yóò máa tẹ̀lé. Iṣẹ́ rere ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n ti àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n kà sí. Lórí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìlànà ọdún 1958 kà. Nígbà tí ó di 1983, ìjọba fúnra rẹ̀ wọ́gi lé e. Lónìí, nọ́ńbà tí ó bá wu ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ó kún ọjà wa, títí kan òkirika. Nítorí nọ́ńbà yẹn ni ọmọbìnrin kan ṣe ń sunkún níwájú dígí!

Ẹkún nìkan kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2006, Ana Carolina Reston, ọmọ ilẹ̀ Brazil, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wọ aṣọ fún àwọn oníbàárà wò, kú ní ẹni ọdún 21, nítorí àìsàn fífi oúnjẹ du ara ẹni. Ilẹ̀ Faransé ti ní òfin báyìí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, pé dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí ìlera irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òwò wo ni èyí, tí ó jẹ́ pé òfin ni yóò sọ fún un pé kí ọmọ ọlọ́mọ jẹun?

Wọn a ní aṣọ ẹni tí ó sanra ń gba ọ̀pá púpọ̀. Kí wọ́n gba owó ọ̀pá náà! Àwọn mìíràn a ní sísanra ń fa àìsàn. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tí ń ta bùbá. Àbí kí aláìsàn máa rìn níhòòhò títí ara rẹ̀ yóò fi yá?

Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni. Ta ni ń pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀bọ̀ nínú kíláàsì? Ta ni ń pe ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ní pańla? Ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá àwọn oníṣòwò náà polówó ọjà lọ́fẹ̀ẹ́.

Aránṣọ tí ń rán yunifọ́ọ̀mù yín máa ń ṣẹ́ etí aṣọ sínú, nítorí ó mọ̀ pé ọmọ ń dàgbà, ara sì ń yí padà. Bí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo lábẹ́ igi bá lè ro ti ara ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀, àwáwí wo ni ó kù fún ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ?