Kì Í Ṣe Oòrùn Ló Ń Pa Líìgì Họ́kì

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan bá kógbá wọlé nílùú kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá fi ń dájọ́: ibẹ̀ gbóná jù, ará ibẹ̀ kò mọ họ́kì, ta ló ní kí wọ́n gbé yìnyín lọ bá oòrùn? Àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Houston àti Dallas ṣe ilé náà ti gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra, wọ́n ń tún un sọ níbi àpèjẹ bí ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dá líìgì kékeré tuntun sílẹ̀, wọ́n á ní kó wá ìlú olótùútù lọ. Bí líìgì náà bá kú, wọ́n á ní àwọn kúkú ti sọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti tó gẹ́ẹ́. Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń ṣe ìpalára ni, torí ó ń gba àwọn tó jẹ̀bi sílẹ̀. Ẹni tó gbé ẹgbẹ́ wọ̀lú láìní ìwé àdéhùn gidi lọ́wọ́, tó gba owó tíkẹ́ẹ̀tì odidi sáà lọ́wọ́ àwọn ìdílé, tó wá fi àwọn eléré sílẹ̀ láìsanwó oṣù wọn, ẹni náà á kó ẹrù rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, ìlú ni wọ́n á sì máa bú.

Kí tiẹ̀ ni ẹ̀rí wọn? Atlanta ni. Wọ́n á ní Atlanta pàdánù ẹgbẹ́ Flames sọ́wọ́ Calgary ní 1980, ó tún pàdánù Thrashers sọ́wọ́ Winnipeg ní 2011. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí parí sí. Wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé Gladiators, ẹgbẹ́ kan nínú líìgì kékeré ECHL, dé sí Duluth lẹ́bàá Atlanta kan náà ní 2003, tí wọ́n sì ta gbòǹgbò síbẹ̀.

Bí òtútù bá ń gbé họ́kì ró, kí ló dé tí Johnstown pàdánù ẹgbẹ́ tirẹ̀? Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ irin ni Johnstown ní Pennsylvania. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fíìmù họ́kì Slap Shot tó jáde ní 1977, ó sì wà lára ìlú márùn-ún tí ECHL fi bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ní 2010, ẹgbẹ́ Chiefs kó kúrò níbẹ̀. Greenville ní South Carolina ni wọ́n kó lọ, níbi tí òjò dídì ti ṣọ̀wọ́n. Anchorage ní Alaska ńkọ́? Ẹgbẹ́ Aces gba Kelly Cup, ife-ẹ̀yẹ ECHL, níbẹ̀ ní 2006, 2011 àti 2014. Nígbà tó máa fi di 2017, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. St. John's ní Newfoundland, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ńkọ́? Growlers gba Kelly Cup ní 2019, sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, líìgì yọ wọ́n lẹ́gbẹ́ torí pé wọn kò ṣe ojúṣe wọn. Ṣé Alaska náà gbóná jù ni? Ṣé ará Kánádà kò mọ họ́kì ni?

Ẹ wá wo àwọn ìlú tí wọ́n ní kò yẹ fún un. Stingrays ti wà ní North Charleston, ní South Carolina, láti 1993. Florida Everblades gba Kelly Cup ní 2022, wọ́n gbà á ní 2023, wọ́n tún gbà á ní 2024, ẹgbẹ́ kankan kò sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léraléra rí ṣáájú wọn. Central Hockey League tó bẹ̀rẹ̀ ní 1992 yan Dallas, Fort Worth, Memphis, Oklahoma City, Tulsa àti Wichita, àwọn ìlú tí ooru ibẹ̀ ń jóni lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó lo sáà 22. Nígbà tó parí ní 2014, ẹgbẹ́ méje kọjá sínú ECHL, Tulsa àti Wichita sì wà lára wọn. Kódà ọkọ̀ Zamboni tó ń tún ojú yìnyín ṣe, Paramount ní California ni Frank Zamboni ti ṣe é ní 1949.

Ilé, ìyẹn gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá eré, ló ń pa líìgì kékeré. Gbogbo ìyókù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe yìnyín. Pápá họ́kì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ó sì fẹ̀ ní 85. Abẹ́ kọnkéré rẹ̀ kún fún páìpù tí omi iyọ̀ tàbí kẹ́míkà tó tutù nini ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru. Bí kọnkéré náà bá ti tutù tán, àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Èyí tí wọ́n fọ́n á dì, wọ́n á fọ́n òmíràn lé e. Wọ́n á kùn ún ní funfun, wọ́n á fa ìlà pupa àti ìlà búlúù, wọ́n á tún fi omi bò ó, títí gbogbo rẹ̀ á fi nípọn tó íǹṣì kan. Bí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tàbí eré olórin bá fẹ́ wáyé lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tẹ́ pákó lé yìnyín lórí. Bó bá parí, wọ́n á kó pákó náà kúrò. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró, iná kò gbọdọ̀ lọ, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ sanwó rẹ̀. Oòrùn kò débẹ̀. Yìnyín Florida àti yìnyín Minnesota, iṣẹ́ páìpù kan náà ni.

Ibi tí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ yìí ṣeré, ìtìjú ló ń kẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1972, líìgì tuntun tí wọ́n ń pè ní World Hockey Association ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ Blazers sì fẹ́ gba àlejò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Civic Center ní Philadelphia. Wọ́n ti pín pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, fún èrò ìwòran gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìrántí. Yìnyín kò dì dáadáa. Nígbà tí Zamboni gun orí rẹ̀, ó là. Wọ́n ní eré kò sí mọ́, inú bí àwọn èrò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pọ́ọ̀kì tí wọ́n fún wọn lu pápá. Ní 1973, Blazers ti kó lọ sí Vancouver. Ìlú Philadelphia kan náà yìí ni ẹgbẹ́ Flyers ti gba Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ líìgì ńlá NHL, ní 1974 àti 1975. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìlú yẹn kò fẹ́ họ́kì.

Yìnyín tó dì dáadáa náà kò tíì tó, torí ẹgbẹ́ líìgì kékeré, ayálégbé ni. Ẹni tó ti yálé rí l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn mọ agbára onílé. Sáà ECHL jẹ́ eré 72, wọ́n sì máa ń gbá 36 nínú rẹ̀ nílé. Owó tẹlifíṣọ̀n tó ń bọ́ àwọn líìgì ńlá kò sí níbí. Owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jẹ. Alẹ́ Jímọ́ àti alẹ́ Sátidé ni èrò ń pọ̀, alẹ́ yẹn kan náà sì ni àwọn olórin àti àwọn onísákásì ń wá. Ẹgbẹ́ tí onílé bá ń fún ní alẹ́ Túsìdé kò ní pẹ́ jẹ gbèsè. Ẹ tún béèrè ẹni tó ni owó bíà, ẹni tó ni owó gúgúrú, ẹni tó ni owó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí ìwé àdéhùn bá ti kó gbogbo rẹ̀ fún gbọ̀ngàn, àga lè kún fọ́fọ́ lálẹ́ Sátidé kí ẹgbẹ́ ṣì máa wá owó oṣù lọ́jọ́ Ajé.

Ará Houston tó ń bú oòrùn, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Houston Aeros gba ife Avco Cup ní 1974 àti 1975 nínú World Hockey Association, gbajúgbajà eléré Gordie Howe àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Mark àti Marty, sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà. Aeros mìíràn tó tẹ̀lé wọn gba Calder Cup ní 2003 nínú AHL, líìgì tó wà lábẹ́ NHL gan-an. Ní 2013, wọ́n gbé ẹgbẹ́ yìí lọ sí Des Moines ní Iowa. Ta ló lé wọn? Kì í ṣe ooru. Wọn kò rí àdéhùn ilé ṣe pẹ̀lú gbọ̀ngàn Toyota Center. Ẹgbẹ́ tó gba ife, nílùú tó wà lára àwọn tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, lọ torí ìwé háyà, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín pé Houston kò lè gbé họ́kì!

Las Vegas tún burú jù bẹ́ẹ̀. Wranglers gbá họ́kì láàárín aṣálẹ̀ láti 2003 títí di 2014, nínú gbọ̀ngàn Orleans. Onílé kò tún àdéhùn wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n fẹ́ lọ kọ́ pápá yìnyín sórí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì Plaza láàárín ìlú. Kò ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ náà sì parí. Àwọn amòye wa ní, "A sọ fún yín, aṣálẹ̀ ni." Ní 2017, Golden Knights dé. Wọ́n dé ìparí ìdíje Stanley Cup ní sáà àkọ́kọ́ wọn, wọ́n sì gba ife náà ní 2023. Gbọ̀ngàn Orleans tí Wranglers kó kúrò nínú rẹ̀ tún di ilé ẹgbẹ́ AHL kan, Henderson Silver Knights, ní sáà 2020–21. Ìlú náà kò yí padà, ooru rẹ̀ kò dín. Àdéhùn ilé ló yí padà. Ta ló ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Wranglers?

Oklahoma City náà ńkọ́? Lọ́dọọdún ni Blazers tibẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti Philadelphia, ń wà lókè ní ti èrò ìwòran nínú Central Hockey League, síbẹ̀ wọ́n kógbá wọlé ní 2009 nígbà tí wọn kò rí àdéhùn gbọ̀ngàn ṣe. Ní Lafayette ní Louisiana, èrò tó ń wọ Cajundome wá wo IceGators ní sáà 1996–97 ju 10,000 lọ ní ìpíndọ́gba. Ẹgbẹ́ tó jogún orúkọ náà lẹ́yìn náà dá eré dúró ní 2016 nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gbọ̀ngàn ṣe, kò sì padà mọ́. Growlers ti Newfoundland, tí wọ́n gba ife ní 2019, bá gbọ̀ngàn ìlú ní aáwọ̀ ní 2021, wọ́n sì lọ ń gbá díẹ̀ nínú eré wọn ní Conception Bay South. Ìlú gbígbóná, ìlú tútù, ìjà kan náà ni.

Ẹni tó mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Henry Brabham, oníṣòwò epo ní Virginia. Òun ló ṣáájú àwọn tó dá ECHL sílẹ̀ ní 1988, ó sì ti kọ́ pápá yìnyín tirẹ̀, LancerLot, sí Vinton. Kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ márùn-ún ni líìgì náà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì wà títí dòní. Ohun tó gba LancerLot lọ́wọ́ họ́kì, òtútù ni: ní oṣù kẹta ọdún 1993, ìjì òjò dídì wó òrùlé rẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbá níbẹ̀ sì kó lọ sí Huntsville ní Alabama. Everblades tí wọ́n gba ife lẹ́ẹ̀mẹta náà, ìdílé kan ṣoṣo ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ni gbọ̀ngàn, láti 2019.

Àwọn àwáwí yòókù kò yẹ kó gba àkókò. Wọ́n ní ará gúúsù kò mọ òfin eré: ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀mẹta á mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní owó ìdójútòfò fún eléré tó bá ṣèṣe ti pọ̀ jù: ó pọ̀ lóòótọ́, ooru kọ́ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Wọ́n ní kì í ṣe eré aláwọ̀ dúdú: Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Okene ní Nàìjíríà, gba inú ECHL kọjá kó tó gbá fún Calgary Flames nínú NHL ní 2012.

Ohun tó yẹ kí líìgì tuntun ṣe kò fara sin. Kí orúkọ ẹgbẹ́ tó jáde, kí wọ́n tó ya àwòrán sára aṣọ, kí ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn ti wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí ó ka iye alẹ́ Jímọ́ àti Sátidé sílẹ̀, kí ó sì sọ bí wọ́n á ṣe pín owó oúnjẹ àti ti ìgbọ́kọ̀sí. Kí ẹni tó ni ẹgbẹ́ fi owó tó máa san oṣù àwọn eléré títí dé òpin sáà sọ́wọ́ líìgì. Kí àwọn ìlú súnmọ́ra débi tí bọ́ọ̀sì á fi lè lọ kó sì bọ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Ìlú tí kò bá ní èyí, kí wọ́n fò ó, ìbáà jẹ́ Anchorage. Ìlú tó bá ní in, kí wọ́n gbà á, ìbáà jẹ́ etíkun Florida.

Nígbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá sì tún kógbá wọlé, kí àwọn oníròyìn lọ béèrè ìwé háyà rẹ̀ kí wọ́n tó la ẹnu nípa ojú ọjọ́. Kí wọ́n wo ìgbà tí àdéhùn náà parí, iye alẹ́ Sátidé tó wà nínú rẹ̀, àti ẹni tó ń kó owó bíà lọ. Àwọn èèyàn Houston, Las Vegas àti Lafayette tó sanwó wọlé, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sì pariwo fún ẹgbẹ́ wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn yẹn, àwọn tó fi ẹ̀sùn kàn wọ́n sì jẹ wọ́n ní àforíjì.