Òkun Ti Tó: Fàkáǹsì Ọdún Yìí, Ẹ Jẹ́ Ká Gun Òkè Wa

  Àwọn ọmọ ti gba ìsinmi, fàkáǹsì ti dé, ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lọ́dọọdún náà sì ti tún dé: ibo là ń kó àwọn ọmọ lọ? Ṣé etí òkun ni, àbí orí òkè?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. A kàn ń béèrè ni, a ti mọ ìdáhùn. Òkun ti borí kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ, Grand-Popo ni wọn yóò sọ. Bí ẹ bá bi àwọn ìyá wọn, wọ́n á ní Ouidah tàbí Fidjrossè, kó má baà jìnnà. Àwọn tó wà ní Lomé kò tilẹ̀ ní í ronú, ẹ̀yìnkùlé wọn ni etí òkun wà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fọ́tò á kún orí Facebook: ẹsẹ̀ nínú iyanrìn, àgbọn lọ́wọ́, ìgbì lẹ́yìn. Fọ́tò kan náà ni gbogbo wa ń yà lọ́dọọdún.

A kò sọ pé òkun kò dára. Ohun tí à ń sọ ni pé àwa tí a jẹ́ ọmọ olókè ti sọ òkè wa di ohun tí à ń wò láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Èyí kù díẹ̀ káàtó, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀ lọ́dún yìí.

Ẹ wo ọ̀nà tó ti Cotonou lọ sí Parakou. Tí ọkọ̀ bá ti kọjá Bohicon, tó ń sún mọ́ Ìdáàṣà, ojú ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àpáta á máa yọrí lọ́tùn-ún lósì. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń pe Ìdáàṣà. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ kọjá Glazoué tí ọjà rẹ̀ máa ń kún ní Ọjọ́rú, ẹ ó rí òkè Sábẹ: àpáta ńláńlá tó rí roboto, tó dá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́ bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Àwọn Faransé wò ó, wọ́n ní ó jọ ọmú, wọ́n sì pè é ní Mamelles de Savè. Àwọn òyìnbó ń ti ọ̀nà jíjìn wá gùn ún. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin mélòó lẹ ti gùn ún rí? Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ ọmọ Sábẹ, tí ẹ ti lo ogún ọdún ní Cotonou, ẹ̀yin ńkọ́?

Ní ìhà Togo náà, ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀. Àárín òkè ni Atakpamé wà, ìlú àwọn ará wa tó ń sọ Ifẹ̀. Òkè Agou, tó ga jù ní gbogbo Togo, tó tó mítà 986, kò jìnnà sí Kpalimé, ọ̀nà ọkọ̀ sì wà tó gun orí rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Atakpamé tó dàgbà sí Lomé, etí òkun nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ afẹ́ nìkan ni, a ò bá má sọ̀rọ̀. Ìtàn ló ń dùn wá. Nígbà tí ogun Dànhọ̀mè ń jà káàkiri ilẹ̀ yìí, òkun kọ́ ló gbà wá. Àwọn kan lẹ́bàá ọ̀sà sá lọ kọ́lé sórí omi, bí Ganvié ṣe wáyé nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa ní Sábẹ àti Ìdáàṣà, òkè ni wọ́n sá gùn. Inú ihò àpáta ni wọ́n kó ìyàwó, ọmọ àti oúnjẹ sí. Kétu ní tiẹ̀ kò ní òkè. Odi àti yàrà ló fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà tí a ṣì ń rí títí dòní. Ní 1886, ogun Dànhọ̀mè wọ Kétu, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ bi ara yín ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ì bá fún ẹni tó bá lè fi òkè kan hàn wọ́n.

Ipò tí òkun wà nínú ìtàn yìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Etí òkun Ouidah wà lára ibi tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa wọ ọkọ̀ lọ sí Brazil àti Cuba. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dárúkọ Kétu nínú ilé òrìṣà ní Bahia títí di òní. Wọ́n kọ́ Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ sí etí òkun Ouidah ní 1995. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ wa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró níbẹ̀ kí wọ́n ronú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ibi tí wọ́n ti kó wa lọ han ọmọ, kí ẹ má fi ibi tí a sá sí tí a fi yè hàn án. Ọmọ tó bá mọ àkọ́kọ́ nìkan á rò pé ẹrú ni gbogbo ìtàn wa. Àwa tí a wà láàyè lónìí, ọmọ àwọn tó yè ni wá.

Ẹ wo àwọn Ẹ̀gbá lódìkejì ààlà. Abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n sá sí ní nǹkan bí 1830. Dànhọ̀mè kan náà yìí gbógun lọ bá wọn ní 1851 àti ní 1864, kò sì rí wọn mú. Lónìí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń ti ibi gbogbo ní Nàìjíríà wá gun Olúmọ. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn síbẹ̀, wọ́n ń gba owó ìwọlé, àwọn ọlọ́jà sì ń rí tà fún àlejò. Olúmọ kò ga ju òkè Sábẹ lọ. Àwọn Ẹ̀gbá mọyì ohun tí wọ́n ní ni.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Ní etí òkun, Faransé ni ọmọ yín yóò fi ra àgbọn, Fọ̀n tàbí Gùn tàbí Mina ni yóò máa gbọ́ lọ́tùn-ún lósì. Yóò lọ láìsọ Yorùbá, yóò sì padà dé láìsọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Sábẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ta ni yóò máa bá sọ Faransé? Ìyá àgbà á ní kó gbé ọmọ odó wá, kó bu omi wá, kó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Kó tó di ọjọ́ kẹta, á ti gbọ́ èdè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, lọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó ń lọ, kíkí nìkan ló mọ̀. Nígbà tó dé, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè oríkì ilé wọn. Bàbá kò mọ̀ ọ́n. Ó di dandan kí bàbá pe Sábẹ lórí fóònù kó tó lè dá ọmọ lóhùn. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ojú tì wá pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé owó tí à ń ná. Òtẹ́ẹ̀lì etí òkun kì í sábà jẹ́ ti ará ilé wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹun ní Ìdáàṣà, ìyá oníyán tó jẹ́ àbúrò ìyá yín ni owó ń bọ́ sí lọ́wọ́. Onízẹ́mì tó gbé yín dé ìdí òkè, ọmọ àdúgbò ni. Oṣù kẹjọ sì ni iṣu tuntun ń jáde. Ta ló ń sá fún iyán iṣu tuntun àti wàgásì díndín nítorí iyanrìn?

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó dára, iná ń lọ, netiwọki kò dúró. Ẹ rọra o. Ilé ìyá yín lẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ń rọ́ wá sí ihò Màríà ní Arigbo, ní Ìdáàṣà, láti Benin àti láti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Wọ́n ń rí ibi sùn, wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ. Ṣé ọmọ onílé ni kò ní í rí?

Wọ́n á ní àwọn ọmọ fẹ́ràn omi. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ìgbì etí òkun tiwa, láti Cotonou dé Lomé, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an, omi ń fà á lọ. Òbí tó kó ọmọ mẹ́rin lọ síbẹ̀ kì í jókòó. Àárọ̀ títí dalẹ́ ni yóò máa pariwo pé, “Padà wá! Má kọjá ibẹ̀ yẹn!” Ta ló sinmi nínú ìyẹn?

Òkè náà ní ewu tirẹ̀, a kò ní í purọ́. Tí òjò bá ti rọ̀, àpáta á máa yọ̀. Ẹ má gùn ún lẹ́yìn òjò, ẹ lọ ní àárọ̀, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ mú ọmọ àdúgbò tó mọ ọ̀nà dání. Bí òjò oṣù kẹjọ bá dí yín lọ́wọ́, ẹ fi í di àsìkò ọyẹ́, nígbà ọdún Kérésì.

Àwọn mìíràn á ní ilé òrìṣà ni òkè. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan wà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ àwa ọmọ onílé la ó máa lọ, àwa tí a mọ̀ pé à ń béèrè ká tó gbé ẹsẹ̀. Ibi tí àgbà bá ní ká má dé, a kò ní í dé ibẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ sí pé a ní kí ẹ kó ọmọ lọ sí Atakora. Láti ìparí 2021 ni àwọn agbébọn ti ń ṣe ọṣẹ́ ní ìhà àríwá Benin. A kì í fi ẹ̀mí ọmọ ṣeré. Òkè àárín ìlú tiwa là ń sọ.

Ṣùgbọ́n a kò ní í bá ará ìlú ńlá wí, ká má bá ará òkè wí. Ẹ̀yin mairie wa, pátákó tó ń tọ́ka ọ̀nà dà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dà? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ló dé tí iye owó fi ń yí padà bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ tó ti Cotonou wá? Àwọn tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ ara wọn sára àpáta, orúkọ yín kò tó ohun tí a ó fi ba ilé baba wa jẹ́. Ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ bá wa fi ààlà sí i kedere: òkè yìí ṣeé gùn, èyí kò ṣeé gùn. Ẹ yan ọmọ mélòó kan tó gbọ́n, ẹ kọ́ wọn ní ìtàn, kí wọ́n máa mú àlejò gòkè ní iye kan pàtó.

Ohun tí à ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹni tó bá ti lọ sí etí òkun lọ́dún tó kọjá, kó gun òkè lọ́dún yìí. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó dá wa lóhùn níbí, ṣùgbọ́n kó fi Yorùbá dá wa lóhùn o.

Òkun kò ní í gbẹ kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó mọ orúkọ òkè kọ̀ọ̀kan, tó mọ ihò tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sí, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Ẹ tètè kó àwọn ọmọ lọ bá a.