Ẹ Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Ìbàràpá

Bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, èrò a máa ya lọ sí Igbó-Ọrà nítorí ọdún ìbejì tí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún 2018. Mọ́tò á tẹ̀lé mọ́tò láti Ìbàdàn, gíláàsì á wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́. Wọ́n á débẹ̀, wọ́n á bá Táyé àti Kẹ́hìndé ya fọ́tò, wọ́n á jẹ àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ ìlasa tí àwọn ará ìlú ní òun ló ń mú ìbejì wá, wọ́n á sì ti délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí lọ́nà. Kòtò ni wọ́n máa sọ fún yín.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọdún ìbejì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó sáré gba Ìdó àti Ẹrúwà kọjá kò tíì rí Ìbàràpá. Ìlú méje ló wà níbẹ̀: Igangan, Ẹrúwà, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Igbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀. Abúlé tó wà láàárín wọn kò lóǹkà. Oko gbágùúdá ni, oko ẹ̀gúsí ni, àpáta ńláńlá sì yọrí láàárín pápá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló yẹ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo kẹ̀kẹ́ kò ju ọ̀rọ̀ kíkí lọ. Ọmọ Yorùbá kì í kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láìkí i. Bá a bá bá àgbẹ̀ nídìí ebè, a ó ní, “Àroko-bọ́dún-dé o!” Ẹni tó ń dirun, “Ojú gbooro o!” Ẹni tó pàtẹ, “Ajé á wọgbá o!” Ẹlẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ, “Igbà á rọ̀ o!” Nínú mọ́tò, họ́ọ̀nù ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Lórí ọ̀kadà, ariwo ẹ́ńjìnnì á gbé ìdáhùn lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kíni dáadáa lóòótọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi máa wú. Oníkẹ̀kẹ́ á kí wọn, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á béèrè ibi tó ti ń bọ̀, á sì ti fèsì kó tó kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, á fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ó di ìtàkurọ̀sọ.

Imú náà ní ìpín tirẹ̀. Kí ẹ tó rí abúlé tí wọ́n ti ń ṣe láfún, òórùn gbágùúdá tí wọ́n rẹ sómi á ti wá pàdé yín lọ́nà. Tí ẹ bá sún síwájú, ẹ ó rí àpáta pẹrẹsẹ tí wọ́n sá a sí, ó funfun báláú, àwọn ìyá á máa fọwọ́ yí i padà, ọmọdé kan á mú pàṣán dání, á máa lé ewúrẹ́. Mo dúró nídìí irú àpáta bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ìdèrè. Ìyá kan mú ẹyọ kan, ó gbé e sún mọ́ etí mi, ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún kó. Ó ní, “Èyí ti gbẹ.” Ó mú òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, kò dún rárá. “Èyí di ọ̀la.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dán an wò kó tó dé ọlọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jẹ àmàlà láfún, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi rí.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n ń bi mi lábúlé kì í yí padà: “Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ṣé ọkọ̀ yín ló takú ni?” Àánú àgbàlagbà tó dé akoto, tó ń làágùn lórí kẹ̀kẹ́, máa ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀, nígbà kan, ẹni tó rí jájẹ ló ń gun kẹ̀kẹ́. Tíṣà, akọ̀wé kóòtù, àwọn tó ń ra kòkó, àwọn ló ń gun Raleigh, káńsù sì ń gba owó láísẹ́ńsì lórí rẹ̀. Ọ̀kadà ló dé tó sọ ọ́ di ohun tálákà. Lónìí, bọọkanáísà abúlé mọ táyà ọ̀kadà bí ẹni mowó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá túùbù kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìbàdàn ló máa júwe fún yín.

Ẹ jẹ́ ká rántí Ọlábísí Àjàlá, arìnrìn-àjò nì. Orin Ebenezer Obey ló gbé orúkọ rẹ̀ kiri, alùpùpù Vespa rẹ̀ sì ni gbogbo ayé mọ̀. Ṣáájú Vespa, kẹ̀kẹ́ ni. Lọ́dún 1952, nígbà tó ń kàwé ní Chicago, ó gun kẹ̀kẹ́ láti ibẹ̀ dé Los Angeles, ìrìn tó lé ní 2,000 máìlì, tòun ti aṣọ ìbílẹ̀ wa lọ́rùn, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè fojú ara wọn rí ọmọ Áfíríkà. (Ẹni tó bá ti wọ agbádá gun kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ṣéènì kì í mọ ẹni ọlá.) Ká ní ọkọ̀ ojúurin ló wọ̀ ni, ta ni ì bá bá a sọ̀rọ̀ láwọn ìlú kéékèèké tó gbà kọjá?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀ ni ti ọ̀nà. Èyí tó dùn jù fún kẹ̀kẹ́ ni ọ̀nà oko, erùpẹ̀ pupa tí mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà. Bí ìjọba ṣe gbàgbé rẹ̀ ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń wá bí gbágùúdá rẹ̀ ṣe máa dé ọjà kò ní bá mi yọ̀ sí ìgbàgbé yẹn, òun ló sì jàre. N kò ní torí ìgbádùn mi ní kí ẹrù ẹlòmíì jẹrà sóko. Kí wọ́n da ọ̀dà síbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n fi etí títì sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, torí níbi tí títì kò bá ti létí, inú igbó ni tírélà ń lé wa sí. Kí wọ́n sì kọ orúkọ abúlé sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Pátákó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti olóṣèlú kún ẹ̀bá ọ̀nà, orúkọ ìlú onílùú kò sí níbẹ̀.

Ti pátákó yẹn pàápàá, a lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró de ìjọba. Láti ọdún 1878 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìnrìn-àjò. Láyé ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó léwu, wọ́n sì ń fi àmì ẹgbẹ́ sára ilé tó ń gba oníkẹ̀kẹ́ sùn. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Lánlátẹ̀ tàbí ti Tápà kò lè ṣe irú rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó pé ààbò ńkọ́. Kò sẹ́ni tó gbàgbé Igangan ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ̀lú lóru, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì dáná sun ilé. Ọ̀nà kan wà tí n kò ní gbà, bó ti wù kó dára tó. Kí n tó yà sí ọ̀nà oko, mo máa ń kí Baálẹ̀, mo sì máa ń bi àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn. Bí wọ́n bá ní kí n má gbabẹ̀, n ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá sá kúrò lójú ọ̀nà, àwọn tí a ń sá fún la fi í sílẹ̀ fún.

Omi ńkọ́? Sòbìyà bá Ìdèrè fínra gan-an láyé ọjọ́un, ẹ̀rù omi ibẹ̀ sì tọ́ sí àlejò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde lọ́dún 2013 pé sòbìyà kò sí ní Nàìjíríà mọ́. Síbẹ̀, ẹ gbé omi tiyín dání.

Ìgbà ọyẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ẹ bọ́ sọ́nà ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ sì wá abẹ́ igi jókòó sí bí oòrùn bá ti mú. Ẹ mú túùbù méjì, póòmpù, sípánà àti sólúṣọ̀n. Ẹ ṣẹ́ owó kéékèèké dání pẹ̀lú, torí ìyá ẹlẹ́kọ ojú ọ̀nà kò ní POS.